Àpò Yanrìn Lórí Ètè Ìsédò

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Onílẹ̀kùn ń fi gíríìsì pa ẹ̀wọ̀n tó ń fa ilẹ̀kùn irin ìsédò, ìyẹn ògiri tí wọ́n fi sé odò, sókè, bó ṣe ń ṣe é láti ọdún mọ́kàndínlógún. Torí pé òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn náà tó sì ń tì í ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Òjò ti ń kùn lókè odò. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, tó ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò láti ọ́fíìsì àgbà.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fi àbúrò yìí ṣe ọ̀gá ìsédò. Ọmọ tí Onílẹ̀kùn pọ̀n sẹ́yìn kiri! Gbogbo ayé ń pè é ní Ẹnjiníà. Ìyá wọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò pàápàá ti ń pè é bẹ́ẹ̀, èyí ló sì dun Onílẹ̀kùn jù. Ẹ jẹ́ ká má fi bò: ó ń jowú, owú náà sì ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi.

"Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri yìí," Ẹnjiníà ń wí. "Tí omi bá gun orí rẹ̀ kọjá, á gé e lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìsédò fi gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀. Oríṣiríṣi ló wà. Níbòmíràn, ihò ńlá bí àrọ tí a fi ń rọ epo ni wọ́n ṣe sínú adágún, kí omi máa gba ibẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀. Tiwa jẹ́ méjì. Ilẹ̀kùn irin nìyí, èèyàn ló ń ṣí i. Ètè kọ́ńkéré sì wà lẹ́yìn kọ́nà lọ́hùn-ún. Ó rẹlẹ̀ ju ògiri lọ, kí omi tó bá pọ̀ jù lè ṣàn kọjá fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ pé gbogbo wa ti sùn. Àwọn òkúta kọ́ńkéré tó wà nísàlẹ̀ ló ń fọ́ agbára omi, kó má baà gbẹ́ ìdí ògiri."

"Ta ló ń tọ́jú ilẹ̀kùn?" àlejò kan bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bíi tiwọn."

Ìyìn ni, àmọ́ etí owú kì í gbọ́ ìyìn. Lójú Onílẹ̀kùn, àbúrò ń fi òun han àlejò bí ẹni fi irinṣẹ́ hàn ni.

Ohun kan wà tí Ẹnjiníà ò mọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, àwọn apẹja máa ń to àpò yanrìn sórí ètè náà kí omi adágún má baà tètè fà. Onílẹ̀kùn ló ń gbà wọ́n láyè, òun náà ló sì ń ní kí wọ́n kó o kúrò kí òjò tó dé. Lọ́dún yìí, Ẹnjiníà ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó àwọn àpò yẹn." Onílẹ̀kùn ní wọ́n ti kó o. Irọ́ ni. Ẹnjiníà ò sì lọ wò ó, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Onílẹ̀kùn fẹ́ kí àwọn àpò náà sé omi títí táá fi kọjá àmì pupa tí wọ́n fà sára ògiri láti fi mọ̀ pé omi ti pọ̀ jù, kí èyí ṣẹlẹ̀ lójú àlejò, kí ojú ti Ẹnjiníà, kí òun wá ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo wọn mọ ẹni tó ni iṣẹ́.

Lọ́sàn-án, òjò dé pẹ̀lú agbára. Omi kọjá àmì. Onílẹ̀kùn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀wọ̀n. Ilẹ̀kùn gbéra díẹ̀, ni ẹ̀wọ̀n bá já, ilẹ̀kùn sì padà sílẹ̀ gbàà.

"Kò burú," Ẹnjiníà wí. "Ètè á gbé ìyókù."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Onílẹ̀kùn di àbúrò rẹ̀ lápá mú. "Àbúrò mi, àwọn àpò yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Ẹnjiníà sáré lọ sídìí fèrè. Ó fọn fèrè ìkìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Ó pe ìyá wọn lórí fóònù: "Ìyá, ẹ gun òkè. Ẹ má mú nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì sáré lọ síbi ètè. Ó ku ìwọ̀n ìka mẹ́rin kí omi dé orí ògiri amọ̀.

Okùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹnjiníà so ó mọ́ ìbàdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n fa àpò títí ọwọ́ wọn fi bó. Nígbà tí àpò àárín yẹ̀, omi ya, ó gbé Ẹnjiníà lọ, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá àwọn òkúta kọ́ńkéré ìsàlẹ̀.

Ògiri dúró. Omi tó ya lójijì náà gbé ilé ìyá wọn lọ, àmọ́ ìyá ti wà lókè. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì Ẹnjiníà lábẹ́ orúnkún.

"Ta ló kó àpò síbẹ̀?" ìyá bèèrè.

"Àwọn apẹja ni," Ẹnjiníà dáhùn.

"Rárá o," Onílẹ̀kùn wí. "Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n kó o kúrò, Ìyá. Mo ń jowú rẹ̀."

Ìyá ò bú u. Ó kàn yíjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ Onílẹ̀kùn, ó sì lọ jẹ́jọ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí ìsédò, ẹ má to ohunkóhun sójú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀, ì báà ṣe àpò, pákó tàbí àwọ̀n. Tí ẹ bá gbọ́ fèrè, ẹ gun òkè, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má fi ti pé ọmọ ìyá yín ni ṣe, ẹ lọ fojú ara yín rí i pé iṣẹ́ náà ti di ṣíṣe. Tí owú ẹnikẹ́ni bá sì ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ sọ ọ́ jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé.