Àmì Ìyá Yúnúsà Lórí Agbọ̀n Gbogbo Ènìyàn

"Hàmdá, ṣé mo ti kú ni?" Ìyá Yúnúsà na fóònù sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń dá ọjà tí kò dára padà. "Wo orí aláwọ̀ eérú tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi. Kò lójú, kò nímú!"

Hàmdálátù mí kanlẹ̀. Òun ló ṣe ìkànnì ayélujára tí àwọn ìyá olóbì Ṣàgámù fi ń tajà fún àwọn ará òkè Ọya. Olúkúlùkù wọn ló ní ojú-ìwé tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fi fọ́tò sí i, ìkànnì fúnra rẹ̀ á gbé orí eérú fún un. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò fẹ́ kí ojú wọn máa rìn kiri lórí ayélujára.

"Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Màá fi àmì agbọ̀n yín síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá ìyá lára mu. Lọ́dọ̀ olóbì, àmì agbọ̀n ju orúkọ lọ. Àkísà pupa oníkókó méjì ni ti Ìyá Yúnúsà. Okùn dúdú ni ti Ìyá Táíwò. Bí agbọ̀n bá sọ̀ ní Kánò, àmì ni wọ́n fi ń mọ ọlọ́jà. Ẹni tó bá so àmì tirẹ̀ mọ́ agbọ̀n ẹlòmíràn, olè ni.

Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí, olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé Hàmdálátù, ti ṣàlàyé fún un: "Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tí o fi kọ́ ìkànnì yìí ti kan ìkọ́ mọ́ ara ògiri rẹ̀. Má wó ògiri. Gbé kóòdù tìrẹ, ìyẹn àṣẹ tí o kọ fún ẹ̀rọ, kọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí kóòdù náà kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ni ojú-ìwé yìí."

Ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu. Hàmdálátù gbé e kọ́, ìkànnì funfun báláú. Ó tún un kọ, orí eérú kò yẹsẹ̀. Ó pààrọ̀ ìlà ìbéèrè yẹn, àṣìṣe yọ ní pupa. Iná lọ. Iná dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú bí i débi pé omi lé sí i lójú.

Fàrúkù, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "O kàn ń fi agbọ̀n gbomi ni. Pa ìlà yẹn rẹ́, jàre! Fi àmì Màmá yín síbẹ̀ tààrà."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ṣebí o ti ya àmì tiwọn náà sínú kọ̀ǹpútà? Kọ̀ǹpútà á rí wọn fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o!"

Iṣẹ́ náà ti sú u. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó fi àmì ìyá rẹ̀ àgbà síbẹ̀ tààrà. Ó ṣí ojú-ìwé Ìyá Yúnúsà, àkísà pupa ń dán yinrin. Kò ṣí ti ẹlòmíràn. Ó ránṣẹ́ sí gbogbo olóbì pé iṣẹ́ ti parí.

Nígbà tí àwọn olóbì pàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìyá Táíwò tẹ fóònù rẹ̀, ó sì fò dìde.

"Ìyá Yúnúsà! Agbọ̀n mi, àkísà yín! Agbọ̀n Ìyá Raqeebah, àkísà yín! Ṣé gbogbo obì Ṣàgámù lẹ fẹ́ gbé mì ni?"

"Ṣebí ọmọ-ọmọ wọn ló ń ṣe é," ẹnìkan dá sí i. "Kí lẹ rò tẹ́lẹ̀?"

Ìyá Yúnúsà kò fọwọ́ kan agbọ̀n ẹlòmíràn rí. Ojú rẹ̀ wá rí bí orí eérú yẹn gan-an.

Fàrúkù, tó bá Hàmdálátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí: "Sọ pé nẹ́tíwọ́kì ni."

Irọ́ náà dùn-ún pa. Àmọ́ Hàmdálátù wo ojú ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni mo ṣe é. Ó yẹ kí ẹ̀rọ bèèrè ẹni tó ni agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè náà sú mi, mo pa á rẹ́. Ìyá Àgbà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ìyá Táíwò pòṣé. "Olóbì tó so àmì mọ́ agbọ̀n láìbèèrè ẹni tó ni ín, kí là ń pè é?"

"Olè, mà."

"Jókòó síbẹ̀ kí o tú u."

Ó jókòó sáàárín wọn, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó dá ìlà náà padà. Àṣìṣe tún yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sá fún un. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Àṣé ó ti ń bèèrè olóhun kí ìkànnì tó ka orúkọ olóhun tán! Ó sún ìlà náà sísàlẹ̀. Ó wá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá wò ó. Ìyá Táíwò rí okùn dúdú rẹ̀.

"Tèmi nìyẹn," ó wí, kò rẹ́rìn-ín. "Síbẹ̀, màá tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la."

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Yúnúsà pè é sọ́dọ̀. "Hàmdá, orí eérú ò pa mí lára. Orúkọ olè ni ì bá pa mí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi."

Hàmdálátù mọ̀ ọ́n wàyí: ìbéèrè tó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́, òun gan-an ló lè máa ṣọ́ iṣẹ́ náà.