Fìlà Ìsọ̀yè àti Ìwé Ìpàdánù Ìbídùn

Lọ́jọ́ tí Dókítà Oyèníkẹ̀ẹ́ gbé fìlà ìsọ̀yè jáde ní Agbedeòṣùpá, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sínú òṣùpá, Ìbídùn ló kọ́kọ́ nawọ́ pé òun á dé e. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi hun fìlà náà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò kó gbogbo ayò ṣẹ́ẹ̀sì tí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ti ta láti ayébáyé sórí ẹni tó bá dé e.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìbídùn ń wá. Ó fẹ́ borí Bàbá Àjàgbé, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń ta á ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò sì borí rẹ̀ rí.

Ìkọ́ni Bàbá kò yá rárá. Yóò ṣí ìwé síbi tí wọ́n kọ ayò àgbà ọ̀jẹ̀ kan sí, yóò fi bébà bo ìṣísẹ̀ tó kàn, yóò ní kí Ìbídùn sọ ohun tí òun ìbá ṣe àti ìdí rẹ̀. Bí Ìbídùn bá pàdánù, kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ àfi tó bá kọ àṣìṣe rẹ̀ sínú ìwé ìpàdánù. Ẹ gbà mí, ta ni kò ní wá fìlà?

"Dókítà, ibo lẹ fẹ́ kó gbogbo ayò yẹn sí nínú orí ọmọ yìí?" Bàbá bèèrè.

"Fìlà á wá àyè, Bàbá. Èyí tí kò dára ló máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"Ta ló ń bá a yan èyí tí kò dára?"

Dókítà kàn rẹ́rìn-ín. Ìbídùn ti dé fìlà ní tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nídìí ayò, Ìbídùn fi ọmọ ayò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹṣin sílẹ̀ kí Bàbá jẹ ẹ́. Bàbá jẹ ẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọba Bàbá kò ríbi sá sí mọ́.

"O káre!" Inú Bàbá dùn dé ẹ̀yìn. "Ó yá, ṣàlàyé fún mi." Àṣà wọn nìyẹn: ẹni tó borí gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí ọ̀nà. "Kí lo rí tó o fi fi ẹṣin sílẹ̀?"

Ìbídùn tún wo pátákó. Ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ ta á bẹ́ẹ̀, ó mọ ọdún rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kò mọ̀.

Bàbá ṣí ìwé ìpàdánù. "Ìwọ lo kọ èyí lọ́dún kẹta. 'Mo kánjú jẹ ẹṣin Bàbá, àṣé pàkúté ni.' O sunkún lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́ kó o tó jẹun."

Ìbídùn tẹjú mọ́ ìwé náà. Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni ń ka lẹ́tà àjèjì ló ṣe ń kà á. Ó wá ẹkún yẹn nínú orí rẹ̀ títí, kò rí i. Ó wá ọjọ́ Ẹtì mìíràn, kò rí ìyẹn náà; fìlà ti palẹ̀ gbogbo ìpàdánù rẹ̀ mọ́. Ayọ̀ tó ti ń retí kò wá, torí kò rántí pé ẹnikẹ́ni ti borí òun rí. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Ṣé a ti jọ ta á rí kó tó di òní?"

Bàbá ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ó to àwọn ọmọ ayò padà sójú pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú èyí tó kéré jù, ó fi í sí Ìbídùn lọ́wọ́.

"Ọmọ ogun lèyí," ó ní, bó ṣe wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. "Iwájú nìkan ló máa ń lọ."