Òkúta Tó Kọ̀ Láti Gbó

Òkúta náà gé Àǹtí Àyẹ̀wò, tó ń yẹ ojú irin wò, lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kó lè gé ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lábẹ́ ojú irin. Bí rélùwéè ti ń lọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni irin táwọn òṣìṣẹ́ fi ń kì í mọ́lẹ̀ náà ń fọ́ ọ. Àtúnṣe gan-an tún ń jẹ ẹ́ run. Níwájú àti lẹ́yìn ibẹ̀, òkúta ti rí roboto, ẹrẹ̀ ti ń yọ láàárín wọn. Ibí nìkan ló ṣì mú bí abẹ. Àbí wọ́n ń fún un ní oògùn àìgbó ni?

Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ṣọ́bìrì ló ń tọ́jú ibẹ̀. Àǹtí ló bá a wá iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí i. Ó dá a lójú pé ṣe ló ń jí òkúta tuntun kó wá láti ibòmíràn.

"Ta ló ń bá ẹ kó o?"

"Kò sẹ́nì kankan, Àǹtí mi." Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì, bó ti máa ń ṣe láti kékeré bí ẹ̀rù bá ń bà á.

"Má fi mí ṣe ọmọdé o. Ó yá, fi tàdáwà tẹ̀ka sínú ìwé yìí pé ìwọ lò ń tọ́jú ibí."

Ó lọ́ tìkọ̀, àmọ́ ó tẹ̀ ẹ́. Tàdáwà náà jáde ní dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀, kò sí ilà kan nínú rẹ̀. Àǹtí fa ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà. Àtẹ́lẹwọ́ náà ń dán bí ìdí àwo. Nígbà tó yọjú wo ẹnu rẹ̀, eyín ti gbó dé erìgì. Ẹ̀rù ba Àǹtí débi pé omi lé sójú rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ibí yìí rì, tí ọkọ̀ tí Ìyá wa wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé," Ṣọ́bìrì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta, mo ní kó má gbó mọ́, kí èmi máa gbó dípò rẹ̀. Nǹkan kan sì dáhùn."

Àǹtí kò dúró gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n kó gbogbo òkúta ibẹ̀ dà nù lọ́la, kí wọ́n da tuntun síbẹ̀. "Ó parí. O ti bọ́."

Ṣọ́bìrì kàn ń wo ìwé náà.

Ọkọ̀ ọ̀sán dé. Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Àǹtí sì di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú títí ó fi kọjá. Nígbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òkúta ló kún ọwọ́ Àǹtí. Ṣọ́bìrì pa ẹnu dé, kò mira.

Lábẹ́ ojú irin, láàárín àwọn òkúta, ẹnì kan fi ohùn Ṣọ́bìrì wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì.