Orin Màmá Nínú Kọ̀ǹpútà Sefakor

Sefakor jí láàárọ̀ Sátidé. Ó sáré lọ bá ìyá àgbà rẹ̀, Màmá, létí ọ̀sà ní ìlú Keta.

Màmá ń fọ ẹja. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Pọ́tọ́. Awò ojú rẹ̀ já sómi.

Wọ́n wá a, wá a. Wọn ò rí i.

"Má wulẹ̀ wá a mọ́," ni Màmá wí. "Ẹja ti ń fi í kàwé."

Ṣùgbọ́n Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò ti ọkọ̀ tuntun wọ inú ọ̀sà. Màmá ló máa dá orin. Orúkọ ènìyàn mẹ́wàá tó gbẹ́ ọkọ̀ náà ló wà nínú orin. Láìsí awò, kò lè kà wọ́n nínú ìwé.

Bí orin bá dúró, ọwọ́ á dẹ̀. Bí ọwọ́ bá dẹ̀, ọkọ̀ ò ní lọ.

"Màmá, mo ti kọ orin yín sínú kọ̀ǹpútà," ni Sefakor wí nígbà tí wọ́n délé.

"Íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ láti àná, ọmọ mi."

"Eléyìí ò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú kọ̀ǹpútà wa níbí ló ń gbé."

Ètò ìkọ̀wé kékeré kan ni. Kò wúwo rárá. Sefakor tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Pì. Ó ti ṣí.

Apá òsì ojú kọ̀ǹpútà ni Sefakor ń kọ̀wé sí. Apá ọ̀tún ni ojú ìwé ń jáde sí, ó mọ́ rekete.

Màmá gbé ojú sún mọ́ ọn. "Ọ̀rọ̀ rèé àbí èèrà?"

Sefakor ronú. Àmì méjì kan wà tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Wọ́n dà bí ilẹ̀kùn. Àmì kìíní ń ṣí i. Àmì kejì ń tì í. Ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín á di ńlá.

Ó fi àmì kìíní ṣáájú àkọlé orin. Tàk, tàk, tàk.

Àkọlé di ńlá. Ìlà kìíní di ńlá. Gbogbo orin di ńlá!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Enyonam, tó dúró lẹ́yìn wọn, bú sẹ́rìn-ín. "O ṣílẹ̀kùn, o ò tì í. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti rọ́ wọlé. Tì í lẹ́yìn àkọlé, jàre."

Sefakor nawọ́ láti tì í.

"Dúró," ni Màmá wí. "Mo rí orúkọ Agbeko. Mo rí ti Dotse. Mo ń kà á."

Sefakor ò tì í lẹ́yìn àkọlé mọ́. Ó lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yìn orúkọ kẹwàá ló ti tì í. Tàk, tàk.

Enyonam wò ó dáadáa. "Ó dáa, ọ̀gá wa."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Sefakor gbé kọ̀ǹpútà dúró níwájú Màmá létí ọ̀sà. Màmá dá orin. Àwọn obìnrin gbè é. Àwọn ọkùnrin ti ọkọ̀.

Orúkọ kan, wọ́n tì. Orúkọ kan, wọ́n tì.

Ní orúkọ kẹwàá, ọkọ̀ wọ omi. Ṣàáà.

Gbogbo ènìyàn ń wo ọkọ̀. Sefakor ń wo Màmá.

Màmá ti dijú, kò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Ó ṣì ń kọrin lọ.