Ajórin tó ń Lẹ Òdòdó Mọ́ Àbẹ́là

Ọwọ́ ọkùnrin kan ni obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Ọwọ́ gbàǹgbà tí iná ti kọlà sí ni, síbẹ̀ ìka méjì péré ló fi mú òdòdó gbígbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ labalábá. Ó gbé e lé ara àbẹ́là funfun, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí gbígbóná tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, òdòdó sì wọnú ìda wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù.

Gbọ̀ngán àdúgbò ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yìí lọ́sọ̀ọ̀sán Sátidé. Aránṣọ jókòó tì í. Bó ṣe máa ń ṣe sí aṣọ ló ṣe sí àbẹ́là tirẹ̀: ó to òdòdó sí i lára, ó wá fi píìnì gún wọn káàkiri kí wọ́n má baà yẹ̀. Pẹ́ẹ́! Àbẹ́là là sí méjì.

Ọkùnrin náà fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, ẹ̀rín kọ̀.

"Arẹwà, ṣé ẹ fẹ́ rán an ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ wo lẹ̀yin gan-an ń ṣe?"

"Irin ni mò ń jó."

"Irin! Ọwọ́ yín wá rọ̀ tó báyìí?"

"Irin ò mọ ìkẹ́. Nǹkan ẹlẹgẹ́ ló mọ̀ ọ́n, ìdí tí mo fi ń wá síbí nìyẹn." Ó rọra ti àbẹ́là tuntun síwájú rẹ̀.

Àfi bíi pé wọ́n fi ìda lẹ ọkàn wọn pọ̀. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń pè é ní Onípíìnì Mi, tíyẹn náà ń dá a lóhùn ní Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá aránṣọ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. "Ajórin kẹ̀? Ẹni tó ń wojú iná látàárọ̀ dalẹ́! Ojú ẹ̀ á fọ́, ìwọ lo máa wá máa fà á lọ́wọ́ kiri. Mi ò fọwọ́ sí i!"

Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá yìí bí ni. Kò lè fẹ́ ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ò yọ̀ǹda. Nígbà tó sunkún ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀, ìyẹn ò bínú.

"Mú Màmá wá síbi tá a ti ń ṣàbẹ́là. Kí wọ́n fojú ara wọn wò mí."

Ìyá dé, ó fajú ro. Ajórin kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún un níjòókòó. Ìyá gba ṣíbí, àfi gbọ̀n-ọ̀n gbọ̀n-ọ̀n. Ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n, tó máa ń fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn, ló hàn síta yẹn. Òdòdó já bọ́ sílẹ̀.

Ajórin ò wojú rẹ̀. Ó kàn di àbẹ́là mú, bí ọwọ́ ìyá bá yà sósì, yóò gbé àbẹ́là lọ pàdé rẹ̀ lósì.

"Ẹ má kánjú, Mà. Ìda máa ń dúró deni."

Òdòdó lẹ̀, ó sì wọ́. Aránṣọ nawọ́ láti tún un ṣe, ajórin dá a dúró. "Fi í sílẹ̀. Ibi tí Màmá fẹ́ ẹ sí nìyẹn."

Ìyá gbójú sókè wò ó. "Ojú ẹ wá ńkọ́?"

"Awò dúdú ni mo fi ń jórin, Mà. Mo ṣì fẹ́ fojú yìí wo ọmọ yín pẹ́."

"Ẹlẹ́nu dídùn!" Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu ìyá, ló bá gbé e mì. "Bó o bá mú un lọ, ta ló máa wà pẹ̀lú mi, bí ọwọ́ mi ṣe wá dà yìí?"

Òun gan-an lẹ̀rù tó ti ń bà á látọjọ́ yìí. Aránṣọ yíjú sápá kan, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Àwa méjèèjì ni, Mà. Ìtòsí yín la máa gbé," ajórin dá a lóhùn.

Ìyá mú òdòdó mìíràn. "Sọ fáwọn òbí ẹ pé mò ń retí wọn," ó ní. "Ó yá, gbé àbẹ́là yẹn sún mọ́ mi, àna mi."