Fíìmù Tí Bàbá Dúróríkẹ́ Fẹ́ Fojú Ara Rẹ̀ Wò

Ọjọ́ tí Dúróríkẹ́ kọ́kọ́ rí Gbọ́láhàn, gbogbo èrò inú ilé ìwòran rẹ̀ ní ìlú Tẹ̀dé ló ń pariwo, Dúróríkẹ́ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Fíìmù àtijọ́ kan ni Gbọ́láhàn gbé sí i lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà: òkú òyìnbó kan tó ń jáde nínú pósí láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń há sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?" Gbọ́láhàn bi í.

"Ó bà mí o! Ẹ̀rù ń fà mí sọ́tùn-ún, ẹ̀rín ń fà mí sósì."

Láti ìgbà tí ìyá Dúróríkẹ́ ti kú, ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Ògúnmọ́dẹdé bàbá Dúróríkẹ́, ọdẹ tó tún ń gbin iṣu, kò fẹ́ gbọ́.

"Ẹni tó ń fi pósí ṣe yẹ̀yẹ́! Èmi tí mo sin ìyá rẹ, kí n wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́mọ?"

Bàbá nìkan ló kù fún Dúróríkẹ́ láyé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi Gbọ́láhàn sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ wá wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kan péré. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní rárá, mo gbà."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀. Kí ló dé tó fi ayé rẹ̀ lé orí fíìmù?

Lọ́jọ́ tí Bàbá wá, Gbọ́láhàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì gbé àga tó dáa jù fún un.

"Ríkẹ́ mi," ó rọra sọ fún Dúróríkẹ́, "ṣé kí n kúkú gbé bọ́ọ̀lù sí i?"

"Gbé e sí i, àyànfẹ́ mi. Ohun tó bá dé, ká gbà á."

Òkú rìn, òkú ṣubú. Àwọn èèyàn ń kígbe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ò mira. Dúróríkẹ́ ò wo fíìmù rárá, ojú Bàbá ló ń wò. Nígbà tó kan ibi tí òkú fẹ́ sá padà sínú pósí kí oòrùn tó là, kó má bàa pa á, tí ìdérí pósí kọ̀ tí kò dé, Bàbá dìde fùú, ó bọ́ síta.

Ó parí! Dúróríkẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Abẹ́ igi ẹmì ló ti bá a. Èjìká rẹ̀ ń mì, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní..."

"Dákẹ́ ná." Ó fi apá ẹ̀wù nujú. "Lọ́jọ́ tá a sin ìyá rẹ, ṣé o rántí pé ìdérí kọ̀, kò dé? Ọkùnrin mẹ́ta ló fara tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ń pa mí lọ́jọ́ náà, ó sì ń ṣe mí bíi kí n kú. Mi ò lè sọ ọ́ fẹ́nì kankan. Ìyá rẹ gan-an ni ì bá kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rín. Dúróríkẹ́ dì mọ́ ọn. Gbọ́láhàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kó sún mọ́ wọn ni tàbí kó sá.

"Ìwọ," Bàbá pè é, "kí àwọn òbí rẹ wá rí mi lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ dá fíìmù yẹn padà sẹ́yìn. Mi ò rí ibi tí oòrùn ti ká òkú náà mọ́."