Omi Tí Rónkẹ́ Kò Rí Gbà

"Kòtò, ó dàbọ̀ o!"

Happiness ló ké bẹ́ẹ̀ lórí afárá kékeré tó wà láàrin Ìsàlẹ̀-Orógbó àti Òkè-Ìtura, ní ìlú Ìkàrẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olúrónkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí kò bá rẹ́rìn-ín, wọn á tún un sọ.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí ilé ìwé bá ti jáde. Gbogbo wọn á jọ rìn dé orí afárá náà. Àwọn ọmọ Òkè-Ìtura, níbi tí wọ́n kọ́ àwọn ilé tuntun sí lórí àpáta, á gba òkè lọ. Rónkẹ́ nìkan ni yóò yà sísàlẹ̀, sí yàrá tí òun àti ìyá rẹ̀ háyà nídìí ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," Démiládé wí. Òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣàánú èèyàn. "Rónkẹ́, ǹ bá máa wá sílé yín, òórùn ògì yẹn ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ mi láṣọ. Ọjọ́ tó o bá kó wá sókè, a ó máa rí ara wa."

"Kò ní í pẹ́ mọ́," ni Rónkẹ́ fi dáhùn. "Màámi fẹ́ ra ilé."

"Níbo? Nínú kòtò náà?"

"Ní Òkè-Ìtura ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ní ilé wọn pé Òkè-Ìtura ni.

Òótọ́ ni pé ìyá rẹ̀ fẹ́ ra ilé. Rachel lorúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ológì ni gbogbo Ìsàlẹ̀-Orógbó ń pè é. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń rẹ àgbàdo, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń sẹ́ ẹ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, tí èékánná rẹ̀ sì rọ̀. Ohun tó kó jọ nídìí ògì, ilé kan péré ló lè rà láyé rẹ̀. Bí ó bá ṣì í rà, ó parí nìyẹn.

Ilé méjì ni Badmus, ẹni tó ń bá àwọn èèyàn wá ilé, mú un lọ wò. Àkọ́kọ́ wà ní Ìsàlẹ̀-Orógbó. Ilé àtijọ́ ni, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n kànga kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tí kì í gbẹ. Èkejì wà ní Òkè-Ìtura. Táìsì ló wà nílẹ̀ ibẹ̀, géètì rẹ̀ ń dán, táǹkì ńlá sì wà lórí òpó.

"Màdáàmù, ẹ wo ilé èèyàn pàtàkì!" Badmus ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Omi dà yàà. "Ẹ fojú ara yín rí i. Ṣé irú yín ló yẹ kó máa fokùn fa omi?"

Rónkẹ́ di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. "Màámi, ibí yìí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni."

Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀kà. Bàbá Zachariah gun ọ̀kadà dé, ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mi orí.

"Rachel, ẹni tó bá mọ̀ pé o fẹ́ rà, ohun tó o fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ fún ọ. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ bá a ṣe ń ṣe é nílé. Ọ̀kà tí àpáta yí ká, ilé kan á ní omi, èyí tó kàn án kò ní ní. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ti ń wo ilé, ọmọdé la sì ń rán. Gbé kẹ́ẹ̀gì lé e lọ́wọ́, kó máa lọ tọrọ omi láti géètì dé géètì. Bí wọ́n bá bu omi fún ọmọ tí wọn kò mọ̀ rí, lọ san owó rẹ. Bí wọn kò bá bù ú, sá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbàgbé Ọ̀kà," ìyá Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ti Ìsàlẹ̀-Orógbó, mo mọ̀ ọ́n. Òkè ni kó lọ." Ó na kẹ́ẹ̀gì sí ọmọ rẹ̀. "Rónkẹ́, ojú tó o bá rí ni kó o wá sọ fún mi. Ìwọ ni mo gbé ojú lé."

Rónkẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, àpáta gbóná lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ní géètì àkọ́kọ́, mégáàdì kò tilẹ̀ dìde. "Kò sómi! Máa lọ!" Ní géètì kejì, obìnrin kan yọ ojú.

"Ta ló rán ọ? Omi kẹ̀? Ọkọ̀ ló ń gbé omi tá à ń lò wá níbí, ọmọ yìí. A gbẹ́ kànga títí, àpáta la bá. Bí mo bá fún ọ lónìí, gbogbo ará ìsàlẹ̀ ni yóò wá tò síbí lọ́la." Ó ti géètì rẹ̀ pa.

Kí Rónkẹ́ tó dé ẹ̀kẹta, Démiládé àti Happiness yọ sí i. Ó fi kẹ́ẹ̀gì pamọ́ sẹ́yìn.

"Rónkẹ́! Kí lò ń wá?"

"Mo... mo wá wo ilé wa ni."

Démiládé wò ó láti òkè délẹ̀. "Òótọ́ ni, àbí? Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ti kó dé, màá fi ọ́ sínú gúrúùpù wa lórí WhatsApp. Àwa ọmọ Òkè nìkan ló wà níbẹ̀ o."

Ẹsẹ̀ Rónkẹ́ kò dúró nílẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé Ìsàlẹ̀-Orógbó, ó yà sílé Ìyá Ràódàt, aládùúgbò wọn, ó fa omi kànga rẹ̀ kún inú kẹ́ẹ̀gì, ó sì rù ú lọ sílé.

"Wọ́n fún ọ?" Ìyá rẹ̀ dìde.

"Géètì àkọ́kọ́ ni, Màámi. Wọ́n tilẹ̀ ní kí n tún padà wá bí kò bá tó."

Ìyá rẹ̀ bu omi náà mu. Bàbá Zachariah náà mu nínú rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí. "Ọmọ ò ní í pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀."

Wọ́n ra ilé Òkè-Ìtura.

Omi tó wà nínú táǹkì kò ju èyí tí Badmus ní kí wọ́n rà síbẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà má baà fura. Nígbà tó tán, ó tán. Rachel kan géètì àwọn aládùúgbò títí láti tọrọ omi, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àfi ọjọ́ kan tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ wá fúnra wọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi ògì yín ti kún gọ́tà. Ó ń rùn. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àdúgbò."

"Ẹ má bínú," ni Rachel wí. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kó ẹrọ̀fọ̀ inú gọ́tà náà. Wọ́n dúró wò ó títí ó fi ṣe é tán.

Tó bá ra omi inú ọkọ̀ sẹ́ ògì, èrè rẹ̀ á wọ inú omi lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi ní Ìsàlẹ̀-Orógbó. Á ru kẹ́ẹ̀gì, á gun òkè, á sinmi, á tún gùn ún. Ní ọjọ́ kan, ó ń ká òṣùká lọ́wọ́, ó béèrè láìgbé ojú sókè:

"Rónkẹ́, ilé wo ló fún ọ lómi lọ́jọ́sí?"

"Wọ́n ti kó lọ, Màámi."

Ìyá rẹ̀ gbé òṣùká lérí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó jáde.

Ní ti Rónkẹ́, ó ti wà nínú gúrúùpù. Tí ilé ìwé bá jáde, òun náà ń gba òkè lọ, òun náà sì ti ń bá wọn ké "Kòtò, ó dàbọ̀!" sí ọmọ mìíràn.

Ní ọ̀sán kan, wọ́n ń gòkè bọ̀, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Obìnrin kan wà níwájú wọn tó ru kẹ́ẹ̀gì omi, tó sì tún fi ọwọ́ gbé òmíràn. Omi ń jò sí i lára. Aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ẹ wo màmá yìí o!" Happiness kígbe. "Ṣé èèyàn nìyí àbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

Démiládé ti yọ fóònù, ó ń ya fídíò. "Abẹ̀g, ta nìyẹn? Rónkẹ́, ẹ̀yin lẹ kó ti ìsàlẹ̀ wá. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Obìnrin náà gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó yíjú padà, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó na kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀ síwájú, bí ẹni tó rí olùrànlọ́wọ́.

Rónkẹ́ wo ilẹ̀. "N ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Obìnrin kan tó ń ru omi ni."

Ọwọ́ tí Rachel nà sọ̀ kalẹ̀. Kò bínú, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí àwọn ọmọ náà lè kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀hún, àpáta dídán ni, omi tó ń jò lára rẹ̀ sì ti rin ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lọ, òun náà lọ. Wọ́n gbọ́ ìró nǹkan tó kán.

Happiness rẹ́rìn-ín kó tó mọ ohun tó ń fi rẹ́rìn-ín. Démiládé kò sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀.

"Màámi!" Rónkẹ́ fò sílẹ̀.

"Màámi kẹ̀?" Happiness ní. "Ṣebí o ní o ò mọ̀ ọ́n?"

Rónkẹ́ lu géètì àkọ́kọ́. Ó lu èkejì. Obìnrin tó yọjú sí i nígbà tó wá tọrọ omi tún sọ̀rọ̀ láti inú, kò ṣílẹ̀kùn: "Ẹ pe àwọn ẹbí rẹ̀! A kì í fẹ́ wàhálà níbí!" Rónkẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí iná jó. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Orógbó ni wọ́n gòkè wá. Ìyá Ràódàt àti àwọn ọmọkùnrin ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo ni wọ́n fi pákó gbé ológì wọn lọ sílé ìwòsàn.

Fídíò ti dé inú gúrúùpù kí wọ́n tó débẹ̀. Gbogbo wọn fi àwòrán ẹ̀rín sí i lábẹ́. Lẹ́yìn náà, Démiládé yọ Rónkẹ́ kúrò.

Eegun ìbàdí Rachel ló kán. Dókítà sọ pé yóò dìde, ṣùgbọ́n kò ní í lè ru ẹrù mọ́, kò sì ní í lè bẹ̀rẹ̀ sẹ́ ògì mọ́. Rónkẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbàgbé pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: géètì tí wọ́n tì mọ́ ọn, omi tó lọ fà nísàlẹ̀, irọ́ tó pa.

"Mo mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ padà lọ pọn omi ni Ìyá Ràódàt sọ fún mi pé o wá fa omi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí n dúró, bóyá wàá sọ fúnra rẹ. Mo bi ọ́. O ní wọ́n ti kó lọ. Ìyẹn kò dùn mí tó ti orí òkè. Èmi ni mo bí ọ, Rónkẹ́. Orí òkè ni mo ti wá mọ̀ pé ìyá bí èmi kò tó ọ."

Rónkẹ́ sunkún títí. Ìyá rẹ̀ kò ní kó má sunkún.

Nígbà tó yá, Rachel ní kò sí oúnjẹ tó ń lọ lọ́nà ọ̀fun òun, àfi ògì. Rónkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Orógbó. Ilé onípáànù dídípẹtà yẹn ti ní onílé tuntun. Ìyá Fúnminíyì, obìnrin kan tó wá láti Ọ̀bà, ló rà á, ògì ló sì ń ṣe níbẹ̀. Omi pọ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Gbogbo oníbàárà Rachel ló tò síwájú ilé náà, abọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Rónkẹ́ tò sẹ́yìn wọn. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ó funfun ju ti Ìyá Ológì lọ," tí ẹlòmíràn sì ní, "Ìyẹn ti bá àwọn olówó lọ. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ táìsì."

Ó ra ògì náà, ó pò ó, ó fi ṣíbí bù ú sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Rachel tọ́ ọ wò pẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa ju tèmi lọ." Ó kọjú sí ògiri, kò sì la ẹnu fún ṣíbí mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi tó wà nílé ìwé, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ níṣojú mi: kì í ṣe ògiri là ń rà tí a bá ń ra ilé, àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn ògiri là ń rà. Ẹni tí wọ́n bá fi ojú rán níṣẹ́, tó wá fi irọ́ jẹ́ iṣẹ́ náà, ó ti fọ́ ojú ẹni tó rán an. Àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń wo ibi tí ilé wa wà kí wọ́n tó kí wa, wọn kò ní í gbé wa bí a bá ṣubú. Ẹni tó bá sì ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, bó bá fẹ́ rà á padà lọ́wọ̀n-ọ́n, kò ní í rí i rà.

Rónkẹ́ ṣì ń wá a rà.